Windows 10 ti parí: ṣé kí n ta láptọ́ọ̀pù mi, àbí kí n fi Linux sí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní Òṣogbo. Láptọ́ọ̀pù HP kan ni mò ń lò: Core i5 ìran kẹfà, RAM 4GB, háàdì dísìkì 500GB, Windows 10 ló wà lórí rẹ̀. Ó ń kìlọ̀ fún mi pé àtúnṣe ti dópin. Mo gbìyànjú Windows 11, ó ní ẹ̀rọ mi kò kún ojú òṣùwọ̀n. Ẹnìkan ní kí n fi Linux sí i. Kí ló ń jẹ́ Linux gan-an? Ṣé àwọn fáìlì mi ò ní parẹ́? Ṣé màá ṣì lè tẹ ìbéèrè ìdánwò ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn? Àbí kí n kúkú tà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì tà á. Ẹ̀rọ yín ò tíì gbó tó bẹ́ẹ̀. Microsoft ló fa ìlà: ẹ̀rọ tó bá máa gbé Windows 11 gbọ́dọ̀ ní TPM 2.0, ìyẹn ibi kékeré kan nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ìdáàbòbò sí. Bó bá sì jẹ́ Intel ló ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ náà, láti ìran kẹjọ lọ sókè ni wọ́n fọwọ́ sí. Ìran kẹfà ni tiyín, ó fi méjì dín. Agbára tí i5 náà, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ yín, ní lánàá ló ṣì ní lónìí.

Òótọ́ ni ìkìlọ̀ tí ẹ ń rí ṣá o. Windows 10 jáde ní July 2015, October 14, 2025 sì ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró. Ẹ̀rọ á ṣì máa tàn, Word á ṣì máa ṣí, ṣùgbọ́n ihò tí àwọn olè bá rí lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó máa dí i. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Microsoft lè rí àtúnṣe ààbò gbà títí di October 13, 2026. Àyè láti fara balẹ̀ palẹ̀ mọ́ nìyẹn jẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí a fẹ́ pààrọ̀. Irin, wáyà àti gíláàsì ni kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní operating system, tí èmi á máa pè ní ètò olùdarí, ló wà láàárín irin yẹn àti iṣẹ́ tí ẹ ń fi ẹ̀rọ ṣe. Ẹ wo ọjà ńlá. Aláta ò lè kàn dìde kó tẹ́ ẹní síbi tó bá wù ú. Ìyálọ́jà ló ń pín ìsọ̀, òun ló sì ń parí ìjà bí ẹni méjì bá ń du ojú kan. Bí ẹ bá tẹ lẹ́tà k, kíbọ́ọ̀dù ò mọ̀ pé Word wà láyé, nọ́ńbà lásán ló fi ránṣẹ́. Ètò olùdarí ló gba nọ́ńbà náà, tó wò ó pé Word ló wà níwájú, tó sì fà á lé e lọ́wọ́. Bí ẹ bá ní kí Word fi iṣẹ́ pamọ́, Word ò mọ̀nà dé inú háàdì dísìkì. Ètò olùdarí ló ń wá àyè tó ṣófo, tó ń kọ iṣẹ́ náà síbẹ̀, tó sì ń ṣàkọsílẹ̀ ibi tó fi í sí kó má baà sọnù.

RAM náà, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ètò olùdarí ló ń pín in, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣòro ẹ̀rọ yín wà. Nígbà tí 4GB bá kún, ètò olùdarí á kó ohun tí ẹ ò tíì fọwọ́ kàn láti ìgbà díẹ̀ kúrò nínú RAM, á lọ kó o sórí háàdì dísìkì. Bí ẹ bá tún fẹ́ ẹ, á lọ gbé e wá. Háàdì dísìkì yín jẹ́ àwo tó ń yí, apá tín-ín-rín kan sì ń sáré lọ sáré bọ̀ lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iná kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ fi ń tàn láìṣẹ́jú, tí ẹ̀ ń tẹ nǹkan tí kò dáhùn. i5 náà jókòó, ó ń retí háàdì dísìkì ni. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ètò olùdarí ni Linux náà, àmọ́ kò sí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ni ín. Ní August 25, 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Helsinki ní Finland, kéde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé òun ń kọ ètò olùdarí kan, pé òun kàn fi ń najú ni, kò lè di ńlá. Kernel ni ohun tó kọ, orúkọ náà sì bá a mu bí èkùrọ́ ṣe wà nínú ẹyìn: inú ló wà, ojú kì í rí i. Láti 1983 ni Richard Stallman ti kéde iṣẹ́ GNU ní Amẹ́ríkà. Òun àti àwọn tó dara pọ̀ mọ́ ọn ti kọ ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tó yẹ kó yí èkùrọ́ ká, èkùrọ́ gan-an ló kù wọ́n kù. Ìgbà tí wọ́n so méjèèjì pọ̀ ni nǹkan gbéra. Ìwé àṣẹ tí wọ́n fi lé e ní kí ẹnikẹ́ni wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kó tún un ṣe, kó pín in, bí kò bá ṣáà ti fi ẹ̀tọ́ kan náà du ẹlòmíràn. Bí fóònù Android bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ ti ń lo Linux láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn, torí èkùrọ́ yẹn ló wà nínú rẹ̀.

Èkùrọ́ nìkan ò ṣe é jẹ lóúnjẹ. Àwọn ẹgbẹ́ kan ló ń kó o pọ̀ mọ́ ojú-iṣẹ́, ẹ̀rọ ìkọ̀wé, ohun tí a fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á fún un lórúkọ, wọ́n á gbé e síta. Debian jáde ní 1993. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, kó owó lé Ubuntu tó jáde ní 2004, orí Debian ni wọ́n kọ́ ọ lé. Linux Mint, tí Clement Lefebvre dá sílẹ̀ ní 2006, tún jókòó lórí Ubuntu. Mint ni mo ní kí ẹ mú. Ẹni tó mọ Windows 7 ò ní ṣìnà nínú rẹ̀: mẹ́nù wà ní igun òsì nísàlẹ̀, aago wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ mú Arch tàbí Kali, irú Linux mìíràn, kẹ́ ẹ lè dà bí ògbóǹtarìgì. Ẹ má dá wọn lóhùn. Irinṣẹ́ àwọn tó ń dán ààbò wò ni Kali, ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń tẹ ìbéèrè ìdánwò.

Ojú mẹ́ta ni Mint ní: Cinnamon, MATE àti Xfce. Cinnamon ló rẹwà jù, òun ló sì ń jẹ RAM jù. Fún 4GB, ẹ mú Xfce, kẹ́ ẹ sì mú un láti inú ìran 22, tí àtúnṣe ààbò rẹ̀ máa wá títí di April 2029. Àwọn tó ṣe é ní RAM 2GB ló kéré jù, 4GB ló tura. Àyè 20GB lórí dísìkì ló kéré jù, 100GB ló dára.

Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ máa pàdánù. Microsoft Office tí wọ́n fi sórí Windows ò ní ṣiṣẹ́ lórí Mint, bẹ́ẹ̀ ni Photoshop àti CorelDRAW. Bó bá jẹ́ pé CorelDRAW lẹ fi ń jẹun nídìí iṣẹ́ ìtẹ̀wé, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kúrò lórí Windows, torí Inkscape, sọ́fítíwíà àwòrán tó wà fún Linux, ń ṣí fáìlì CorelDRAW (CDR) o, ṣùgbọ́n ó lè ṣí i ní wíwọ́. Fún olùkọ́, LibreOffice tó bá Mint wá ti tó. Ó ń ṣí .docx, ó sì ń kọ ọ́. Ibi tó ti ń dàrú ni fọ́ńtì. Mint ò ní Calibri àti Times New Roman, òmíràn tó fẹ̀ bákan náà ló fi ń dípò wọn: Carlito fún Calibri, Liberation Serif fún Times. Ìlà kì í sábà yẹ̀, àmọ́ téébù tí ẹ fi spacebar tò (ẹ mọ ara yín) á yẹ̀ dandan. Ohun tó bá ń lọ sí ibi ìtẹ̀wé, ẹ sọ ọ́ di PDF kó tó kúrò lọ́wọ́ yín. WhatsApp Web àti ìkànnì báńkì ń ṣiṣẹ́ nínú Firefox bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ó wá ku ìbẹ̀rù fáìlì. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú nínú gbogbo ìdáhùn yìí ni pé ẹ lè lo Mint láti orí fílàṣì láì fọwọ́ kan háàdì dísìkì rárá. Fílàṣì 8GB ti tó, ẹ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò torí gbogbo rẹ̀ ló máa lọ. Ẹ lọ sí linuxmint.com, kẹ́ ẹ dáńlóòdù Xfce, fáìlì .iso náà (gbogbo Mint tí wọ́n dì sínú fáìlì kan) sún mọ́ 3GB, ẹ wá ibi tí dátà ti pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú Windows, ẹ ṣí Command Prompt nínú fódà tí fáìlì wà, kẹ́ ẹ tẹ èyí, kẹ́ ẹ fi orúkọ fáìlì tiyín dípò orúkọ tó wà níbẹ̀:

certutil -hashfile orukofaili.iso SHA256

Nọ́ńbà gígùn kan á jáde. Ẹ fi wé èyí tó wà nínú sha256sum.txt lórí ìkànnì Mint. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ẹ pa fáìlì náà rẹ́ kẹ́ ẹ tún un gbà. Íńtánẹ́ẹ̀tì tó já láàárín ló máa ń fa ìyàtọ̀ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ ní February 20, 2016, àwọn olè wọ ìkànnì Mint, wọ́n sì darí àwọn tó fẹ́ gbà á lọ síbi ayédèrú tí wọ́n ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sí. Ìṣẹ́jú kan ni àyẹ̀wò yìí ń gbà.

Rufus, sọ́fítíwíà kékeré kan fún Windows, lẹ máa fi kọ ọ́ sórí fílàṣì. Bí ẹ bá kàn da fáìlì .iso sínú fílàṣì bí ẹ ṣe ń da fọ́tò sí i, ẹ̀rọ ò ní dá a mọ̀. Ẹ ṣí Rufus, ẹ mú fílàṣì yín níbi Device (ẹ wo iye GB rẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ má lọ mú dísìkì mìíràn), ẹ tẹ SELECT kẹ́ ẹ mú .iso náà, kẹ́ ẹ tẹ START. Bó bá bi yín, ẹ mú ISO Image mode. Bí fílàṣì náà bá kọ̀ tí kò tan, ẹ padà wá ṣe é ní DD mode. Lẹ́yìn DD, Windows lè ní kí ẹ fọ́máàtì fílàṣì náà. Ẹ dá a lóhùn pé rárá.

Ẹ pa ẹ̀rọ pátápátá, ẹ ki fílàṣì bọ̀ ọ́, ẹ tan ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ máa tẹ Esc lọ́tẹ̀ẹ̀lọ́tẹ̀ẹ̀ bó ṣe ń tàn. Lórí HP, mẹ́nù kan á jáde. F9 ló ń mú yín lọ síbi tí ẹ ti máa yan fílàṣì. Dell àti Lenovo sábà máa ń lo F12. Bí ó bá ti gbà, ẹ máa rí Start Linux Mint, ẹ tẹ Enter. Bí ojú rẹ̀ bá dúdú tí kò kúrò bẹ́ẹ̀, ẹ tún un tàn kẹ́ ẹ mú ìlà tí wọ́n kọ compatibility mode sí; káàdì tó ń gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ ló sábà máa ń fà á.

Ojú-iṣẹ́ Mint tí ẹ rí yẹn, inú RAM àti fílàṣì ló wà. Ó máa lọ́ra díẹ̀, torí fílàṣì ò yára. Ẹ lò ó fún wákàtí méjì, kẹ́ ẹ wò ó bóyá Wi-Fi ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, bóyá ohùn ń jáde, kámẹ́rà ń ríran, pátákó ìka ń gbọ́ràn. Ẹ pa ìdérí láptọ́ọ̀pù dé kẹ́ ẹ ṣí i padà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó jí. Ẹ so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ ọn. Bí Wi-Fi bá kọ̀, ẹ fi wáyà so fóònù yín mọ́ ọn, kẹ́ ẹ tan USB tethering lórí fóònù. Mint á rí i bí ẹni rí wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá ṣí Driver Manager kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó mọ ohun tí káàdì Wi-Fi yín ń fẹ́. Àwọn káàdì Broadcom ló gbajúmọ̀ fún yánpọnyánrin yìí. Bí nǹkan kan bá wà tí ẹ ò lè gbà mọ́ra, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ fílàṣì, Windows yín wà bó ṣe wà.

Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ọ̀nà méjì ló wà láti fi í sínú ẹ̀rọ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù gba owó díẹ̀: ẹ ra SSD, irú dísìkì mìíràn tó yára. SATA oníwọ̀n íǹṣì 2.5, 240GB tàbí 256GB, ló ń wọ ojú ibi tí háàdì dísìkì yín wà. SSD ò ní àwo tó ń yí, bí RAM bá kún tí ètò olùdarí ń lọ gbé nǹkan wá, kíá ló ń dé. Ìyàtọ̀ tí èyí máa ṣe lára ẹ̀rọ yín ju èyí tí Linux nìkan máa ṣe lọ, mi ò ní fi bò fún yín. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú ẹ̀yìn rẹ̀, kó yọ bátìrì kó tó fọwọ́ kan nǹkan, kó yọ háàdì dísìkì àtijọ́, kó fi SSD síbẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ sí ara háàdì àtijọ́ yẹn kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀. Windows yín àti gbogbo fáìlì yín ṣì wà lórí rẹ̀. Bí Mint bá sú yín lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ dá a padà sáyè rẹ̀. Wáyà USB-sí-SATA ni ẹ máa fi so ó mọ́ ẹ̀rọ láti kó fáìlì wá. Nígbà tí ẹ bá ń fi Mint sórí SSD, tí háàdì àtijọ́ ò sí lára ẹ̀rọ, bí Mint bá bi yín ní Erase disk and install Linux Mint, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ láìfòyà, torí SSD òfìfo ló wà nínú ẹ̀rọ.

Tó bá jẹ́ háàdì dísìkì kan náà ni Windows àti Mint máa jọ gbé, ẹ fara balẹ̀ dáadáa, torí ibí ni fáìlì ti ń parẹ́. Ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì yín sórí dísìkì mìíràn tí ẹ lè yọ kúrò lára ẹ̀rọ. Ẹ wo Settings nínú Windows bóyá BitLocker tàbí Device encryption, ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa, wà ní títàn; bó bá wà, ẹ pa á kẹ́ ẹ dúró títí tó fi máa tú gbogbo rẹ̀ tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Windows lè máa bèèrè kọ́kọ́rọ́ ìràpadà tí ẹ ò mọ ibi tó wà. Ẹ lọ sí Control Panel, Power Options, Choose what the power buttons do, kẹ́ ẹ yọ àmì kúrò nínú Turn on fast startup. Ìdí ni pé bí ìyẹn bá wà, Windows kì í kú tán bí ẹ bá pa á, ó kàn ń sùn ni, Mint ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ kọ nǹkan sórí dísìkì tí ẹlòmíràn ṣì ń lò. Lẹ́yìn náà, nínú Disk Management, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ C:, ẹ mú Shrink Volume, kẹ́ ẹ kọ 102400 síbẹ̀. MB ni wọ́n fi ń kà á, 100GB nìyẹn. Windows fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó gé ilẹ̀ rẹ̀, òun ló mọ ibi tó kó ẹrù sí.

Ẹ tún tan ẹ̀rọ láti orí fílàṣì, ẹ tẹ Install Linux Mint. Bátìrì gbọ́dọ̀ kún, kí ẹ sì má ṣe é nígbà tí bátìrì ti kú tó jẹ́ pé iná NEPA nìkan ló gbé e dúró. Iná tó bá lọ láàárín ìgbà tí wọ́n ń pín dísìkì lè da gbogbo rẹ̀ rú. Ẹ fi àmì sí ibi multimedia codecs, ohun tó ń jẹ́ kí fídíò àti orin ṣí. Bó bá ní kí ẹ dá páásíwọ́ọ̀dù kan fún Secure Boot, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí bí ẹ̀rọ bá tún tàn, ojú aláwọ̀ búlúù kan á jáde, ẹ mú Enroll MOK níbẹ̀ kẹ́ ẹ tẹ páásíwọ́ọ̀dù yẹn. Ẹni tó bá fo ojú yìí ni Wi-Fi rẹ̀ lè má ṣiṣẹ́. Níbi Installation type, ẹ mú Something else. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ free space sí tó tó nǹkan bí 100GB, ẹ tẹ àmì +, ẹ mú ext4, kẹ́ ẹ kọ / síbi Mount point. Kò sí ohun mìíràn tó yẹ kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn lórí téébù yẹn. Níbi wákàtí, ẹ mú Lagos.

Bí ẹ̀rọ bá tún tàn tó sì lọ tààrà sínú Windows bíi pé ẹ ò ṣe nǹkankan, ẹ má sọkún. HP fẹ́ràn láti máa gbé Windows síwájú. Ẹ tẹ F10 nígbà tó ń tàn, ẹ wọ ibi Boot Order, kẹ́ ẹ gbé èyí tí wọ́n kọ ubuntu sí sókè. Orúkọ tí Mint ń jẹ́ níbẹ̀ nìyẹn, torí ilé Ubuntu ló ti wá. Aago náà lè máa fi wákàtí kan yàtọ̀ bí ẹ bá ń lọ láti ọ̀kan sí èkejì. Windows ń fi aago Nàìjíríà sínú ẹ̀rọ, Mint ń fi aago UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé, síbẹ̀, wákàtí kan ló sì wà láàárín wọn. Nínú Terminal ti Mint, ìyẹn ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ, ẹ tẹ:

timedatectl set-local-rtc 1

Bó bá jẹ́ ọdún ni aago ń sọnù, tí ìkànnì báńkì sì ń kọ̀ láti ṣí, ètò olùdarí kọ́. Bátìrì roboto kékeré inú ẹ̀rọ ló ti kú. CR2032 ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn.

Àwọn nǹkan díẹ̀ máa kọ́kọ́ ṣàjèjì. Kò sí C: mọ́. Gbogbo nǹkan so mọ́ gbòǹgbò kan tí wọ́n ń kọ báyìí: /. Ẹrù tiyín wà nínú /home, fílàṣì tí ẹ bá kì bọ̀ ọ́ á yọ lábẹ́ /media. Idanwo.odt àti idanwo.odt kì í ṣe fáìlì kan náà lójú Linux, lẹ́tà ńlá yàtọ̀ sí kékeré. Nínú Terminal, bó bá bèèrè páásíwọ́ọ̀dù, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ lè má rí àmì kankan kó jáde, ìràwọ̀ gan-an lè má sí. Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́ tán kẹ́ ẹ tẹ Enter. Software Manager ni kẹ́ ẹ ti máa mú sọ́fítíwíà, kì í ṣe orí ìkànnì tó bá ṣáà jáde nínú Google. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ṣí Timeshift kẹ́ ẹ ní kó ya àwòrán ètò yín pamọ́, bí àtúnṣe kan bá wá da nǹkan rú, ẹ̀ ń padà sí àná nìyẹn. Timeshift kì í tọ́jú fáìlì tiyín ṣá o, ètò olùdarí nìkan ló ń tọ́jú.

Ó ku àmì ohùn, tí mo mọ̀ pé òun ló jẹ yín lógún jù. Ẹ ṣí Settings, Keyboard, Layout. Ẹ yọ àmì kúrò níbi Use system defaults, kẹ́ ẹ fi Right Ctrl sí ibi Compose key. Láti ìgbà náà lọ, ẹ tẹ Ctrl ọwọ́ ọ̀tún kẹ́ ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ tẹ !, ẹ tẹ o: ọ ló máa jáde. Bákan náà ni ! pẹ̀lú e ń fún yín ní ẹ, ! pẹ̀lú s ní ṣ. Àmì ' pẹ̀lú a ni á, àmì ` pẹ̀lú a ni à, ' pẹ̀lú n sì ni ń. Bọ́tìnì ` yẹn wà lókè Tab, lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1.

Ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń kọsẹ̀ ni lẹ́tà tó ní àmì lórí tó tún ní ẹ̀ẹ́lẹ̀ nísàlẹ̀: ọ́, ọ̀, ẹ́, ẹ̀. Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ò fún àwọn yẹn ní ojú kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ́lẹ̀ àti lẹ́tà wà papọ̀, àmì orí á wá tẹ̀ lé wọn lọ́tọ̀. Nínú LibreOffice, ẹ tẹ ọ bí mo ṣe sọ, kẹ́ ẹ kọ U+0301 mọ́ ọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ Alt àti X pọ̀: ọ́ ló dé yẹn. U+0300 ni fún àmì ohùn ìsàlẹ̀, bíi ti ọ̀. Nínú Firefox tàbí ibi ìkọ̀wé kékeré tó bá Mint wá, Ctrl, Shift àti U lẹ máa tẹ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ kọ 301, kẹ́ ẹ tẹ spacebar.

Ẹnikẹ́ni ò lè fi èyí tẹ ojú ìwé mẹ́wàá kó má bínú, mo mọ̀. Nítorí náà, ẹ fi iṣẹ́ náà lé AutoCorrect ti LibreOffice lọ́wọ́: Tools, AutoCorrect, ojú Replace. Ẹ kọ olk sápá òsì, olùkọ́ sápá ọ̀tún; bákan náà ni idn fún ìdánwò, grm fún gírámà. Ọ̀rọ̀ tó ń padà wá nínú ìbéèrè ìdánwò ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀: dáhùn, ṣàlàyé, àpẹẹrẹ, gbólóhùn, ìpínrọ̀, òwe. Bí ẹ bá ti kó ọgọ́rùn-ún irú wọn síbẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ lẹ máa fọwọ́ tẹ̀. Layout tí wọ́n pè ní Yoruba tún wà lábẹ́ Nigeria nínú àkójọ kíbọ́ọ̀dù. Ẹ fi kún English (US), kẹ́ ẹ dán an wò bóyá ó bá ọwọ́ yín mu. Bí àmì bá ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà dípò orí rẹ̀, fọ́ńtì ni. Ẹ lo Noto Serif, Gentium tàbí Charis SIL, àwọn yẹn mọ ibi tí àmì ń jókòó sí.

Bí owó bá tún yọjú lẹ́yìn SSD, ẹ fi RAM 4GB mìíràn kún un. Kẹ́ ẹ tó ra á, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ wo ohun tí wọ́n kọ sára èyí tó wà níbẹ̀: ìran kẹfà lo DDR4 nínú àwọn kan, ó lo DDR3L nínú àwọn mìíràn, ọ̀kan ò sì wọ ojú ihò èkejì.